Gééjì Táyà Tí Mo Rà ní Lọ́kọ́ja: Oṣù Mẹ́jọ Rèé

₦9,000 ló kọ́kọ́ pè é. Mo ná an títí ó fi dé ₦6,500, mo sanwó. Kì í ṣe pé iye yẹn tẹ́ mi lọ́rùn o, oòrùn Lọ́kọ́ja ló lé mi kúrò níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Gééjì táyà ni, ohun tí a fi ń wo iye atẹ́gùn inú táyà, èyí tó lójú roboto bí aago, tó ní okùn rọ́bà dúdú tó gùn tó apá ọmọdé, àti ẹnu idẹ tí a ń tì bọ fáàfù. Nọ́ńbà ojú rẹ̀ lọ láti òdo dé 100, PSI tí a fi ń ka agbára atẹ́gùn táyà. Orúkọ kankan kò sí lára rẹ̀. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní Jámánì ni wọ́n ti ṣe é. Mo yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà, mo rí ibi tí wọ́n kọ Ṣáínà sí, mo fi hàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ṣáà máa lò ó." Mo ti ń lò ó. Oṣù mẹ́jọ rèé.

Èmi ni mo ń wa Sienna aláwọ̀ eérú tó máa ń tò ní gáréèjì Kàbà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mo ń lọ Àbújá. Ọkọ̀ bàbá Dúpẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ lálẹ́, mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Àwọn èrò kan ṣì máa ń wọkọ̀ jókòó tán kí wọ́n tó béèrè pé dírẹ́bà dà. Mo máa ń ní ó ń bọ̀, ó lọ tọ̀, n óò sì ṣílẹ̀kùn wọlé.

Ní gbogbo ọdún mọ́kànlá yẹn, ẹsẹ̀ mi ni gééjì mi. Mo máa ń ta táyà ní ìpá láàárọ̀. Bó bá dún gbì, ó pé. Bó bá dún gbọ̀ọ̀, mo pe fọkanáísà. Gbogbo wa ní gáréèjì là ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó máa kọ́ wa ní òmíràn, a ṣáà ti dàgbà.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní ni, nínú ọyẹ́, nígbà tí àwọn tó wálé ọdún ń padà. Èrò méje ni mo kó, pẹ̀lú iṣu, kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́ta, àti àpò gàrí tí ìyá kan láti Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ tẹnu mọ́ pé kò wúwo. A ti kọjá Kótónkárífí, a ò tíì dé Abaji, títì dáa níbẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Mo gbọ́ gbàù. Ìdí ọkọ̀ ya sí òsì bí ìgbà tí ẹnìkan fi okùn fà á. Ọkọ mi ti sọ ọ́ fún mi láti ọjọ́ tó ń kọ́ mi: bí táyà ẹ̀yìn bá bẹ́, má fẹsẹ̀ kan bíréèkì, di sítíárì mú bí ẹni di ọmọ mú lójú odò. Mo dì í mú. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò. Títì tán, a bọ́ sínú koríko tó ga ju gíláàsì lọ, a ń lọ, a ń lọ, koríko ń na ọkọ̀ lẹ́gba, títí ó fi dúró fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣèṣe àfi ẹsẹ̀ kan tí iṣu já lé. Gàrí "tí kò wúwo" ti já síwájú, ó ti bọ́ sórí gíà.

Ọmọkùnrin kan jókòó ní iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ará Ìsánlú ni, iṣẹ́ àtúnṣe bàálù ló ń ṣe ní Àbújá. Láti Kàbà la ti kí ara wa ní "Okun o," kò tún sọ̀rọ̀ mọ́, orin ló fi dí etí. Nígbà tí gbogbo èèyàn ń pe Jésù, òun bọ́ọ́lẹ̀, kò wo táyà tó bẹ́ rárá. Ọ̀tún ẹ̀yìn, èyí tó ṣì dúró, ló lọ bá. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fọwọ́ kan èyí."

Mo fọwọ́ kàn án, mo fà á padà. Bí ìdí agbada àkàrà ló rí.

Ó béèrè iye atẹ́gùn tó wà nínú ẹ̀. Mo ní ó pé, mo ta á láàárọ̀. Kò rẹ́rìn-ín, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ọmọ náà. Ó ní, "Ẹ má bínú o, Mọ́mì. Àwọn kan fi ojú wo táyà bàálù báyìí, mẹ́rin kú."

Mo mọ̀ pé gééjì ni mo ní mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbọ́ ti bàálù yìí kò ní mọ ohun tó ń mú obìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta máa bẹ̀rẹ̀ nídìí táyà ní aago márùn-ún ìdájí.

A jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì epo nínú koríko, nítorí pé sípíà tí a tú lábẹ́ ọkọ̀ kò ní atẹ́gùn nínú (ẹ wo ìtìjú), a sì ní láti rán ọlọ́kadà kan lọ wá ẹni tó ní pọ́ǹpù. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́ fún mi. Lálẹ́ ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, ní ìlú Columbia, ní South Carolina lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, bàálù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Learjet 60 fẹ́ gbéra lọ sí California. Irú èyí tí olówó ń háyà ni. Èèyàn mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀: awakọ̀ méjì, èrò mẹ́rin. Gbajúmọ̀ ni méjì nínú àwọn èrò náà, Travis Barker tó ń lùlù, àti Adam Goldstein tí wọ́n ń pè ní DJ AM.

Bàálù náà dúró lórí táyà ńlá mẹ́rin lábẹ́ ìyẹ́, méjì lápá kan, méjì lápá kejì. Táyà yẹn kì í ṣe bíi tèmi tó ń jẹ 35. Bíi 220 ni wọ́n ń fẹ́ sí i. Ó sì ní ìwà kan: bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jò, ó máa ń dín fúnra rẹ̀ ní bíi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lójúmọ́. Kò sẹ́ni tó fi gééjì wò ó fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ ṣírò ẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ péré ló yẹ kí wọ́n ti bọ́ wọn dànù, títí dalẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n ti pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́ta atẹ́gùn wọn lọ. Bí ẹ bá dúró tì wọ́n, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ara táyà bàálù le, kì í tẹ̀ bí ti ọkọ̀. Ẹ ta á, gbì.

Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò pé ń tẹ̀, ó ń dìde, ó ń tẹ̀, ó ń dìde, ní gbogbo ìgbà tó bá yí. Ẹ mú wáyà kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, ẹ ó rí i pé ibi tó ń tẹ̀ yẹn á gbóná kó tó kán. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún wọn lórí rọ́nwéè, títì tí bàálù ń sá lé kó tó gbéra. Wọ́n ti ń sáré gidi nígbà tí táyà bẹ̀rẹ̀ sí bẹ́.

Ibi tí ọmọ náà dé báyìí ni mo ti pa fóònù mi tó ń dún. Ó ní àwọn awakọ̀ bàálù máa ń ṣírò iye eré kan sílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Bí wọn ò bá tíì sá dé ibẹ̀, wọ́n lè dúró. Bí wọ́n bá ti kọjá ẹ̀, àfi kí wọ́n fò, kí wọ́n lọ yípo lókè, kí wọ́n wá ibi bà sí, nítorí títì tó kù níwájú kò gbà wọ́n mọ́. Wọ́n ti kọjá ẹ̀. Ọ̀gá awakọ̀ gbọ́ ariwo, ó ní òun fẹ́ dúró.

Mo ní, "Ó tẹ bíréèkì."

Ó ní, "Ó tẹ bíréèkì, Mọ́mì."

Èyí tó burú jù kù. Ẹ́ńjìnnì bàálù bẹ́ẹ̀ ní nǹkan kan lẹ́yìn tó máa ń ṣí láti dá atẹ́gùn ẹ̀ padà síwájú, kó lè ran bíréèkì lọ́wọ́. Wọ́n ṣí i. Àmọ́ èérún táyà tó ń fọ́n kiri ti ba ohun tó ń sọ fún bàálù bóyá ó wà nílẹ̀ tàbí lókè jẹ́. Bàálù rò pé òun ti fò. Ló bá pa nǹkan náà dé, ẹ́ńjìnnì tí awakọ̀ rò pé ó ń fa òun sẹ́yìn wá ń tì í síwájú. Rọ́nwéè tán, wọ́n já ọgbà, wọ́n gba títì ọkọ̀ kọjá, wọ́n lọ kọlu òkìtì kan lódì kejì, iná sọ. Awakọ̀ méjèèjì kú, èrò méjì kú. Barker àti Goldstein jáde nínú iná, wọ́n jóná púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yè é lọ́jọ́ náà.

Mo bi í pé kí ló dé tí awakọ̀ kò fi gééjì wo táyà tirẹ̀ kó tó wọlé. Ó ní bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ òfin wọn nígbà náà, iṣẹ́ mẹkáníìkì ni wíwo atẹ́gùn táyà lára bàálù tí wọ́n ń háyà, kì í ṣe ti awakọ̀. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo wo táyà ọ̀tún ẹ̀yìn mi. Kò sí òfin kankan tó ní kí n má wo tèmi.

Ó tún sọ nípa pápákọ̀ kan ní Teterboro, ní New Jersey, níbi tí bàálù kékeré mìíràn ti kọ̀ láti gbéra ní 2005 nítorí pé ìwúwo rẹ̀ ti pọ̀ jù níwájú, tó sáré kọjá títì márosẹ̀, tó wọ ilé ìkẹ́rù lọ. (Mo wo gàrí ìyá Ayétòrò.) Nígbà tó yá wọ́n fi kọnkéré kan tó rọ̀ bí àkàrà òyìnbó tẹ́ ìdí rọ́nwéè níbẹ̀, pé bí bàálù bá sáré kọjá rọ́nwéè, kí táyà rẹ̀ máa rì sínú ẹ̀ títí tó fi máa dúró. Ní 2010 bàálù Gulfstream kan kọjá rọ́nwéè, ó rì sínú ẹ̀, ó dúró. Ọmọ náà na ọwọ́ sí koríko tó yí wa ká, ó ní, "Èyí ni tiyín, Mọ́mì." Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n.

Ní gáréèjì wa, bàálù tí a máa ń sọ ni èyí tó gbé mínísítà iná nígbà náà, Adebayo Adelabu, tó já sínú igbó nítòsí pápákọ̀ Ìbàdàn ní oṣù kọkànlá 2023, tí kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi jiyàn lé e lórí, tí oníkálukú ń sọ ohun tó yẹ kí awakọ̀ ṣe. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó ní gééjì táyà nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń jiyàn yẹn.

Ó yá, gééjì.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo rà á, kí n tó tan ọkọ̀, mo wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìwé kékeré ẹnu ìlẹ̀kùn mi ní 35 ni kí gbogbo wọn jẹ. Òsì iwájú 33. Ọ̀tún iwájú 27. Òsì ẹ̀yìn, tó jẹ́ tuntun, 35. Ọ̀tún ẹ̀yìn, èyí tó gbóná bí agbada, 24. Mo tún ta á ní ìpá. Gbì.

Mo wakọ̀ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà mi, mo ní kó fẹ́ ẹ sí 35. Ó fẹ́ ẹ, gééjì ẹ̀rọ tirẹ̀ fi 35 hàn. Mo ti tèmi bọ̀ ọ́: 28. Ó ní gééjì mi ń ṣàìsàn. Mo ní tirẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Àwọn èèyàn pé lé wa lórí. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, èèyàn dáadáa ni, ọmọ ẹ̀ àti tèmi jọ lọ síléèwé ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ti wo bí wọ́n ṣe ń sọ okùn ẹ̀rọ yẹn mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ mọ̀ pé gééjì orí ẹ̀ kò lè máa sọ òótọ́. Láti yanjú ìjà, mo ra oríṣi kejì ní Àbújá, èyí tó ń lo bátìrì tó ń kọ nọ́ńbà. ₦12,000. Òun àti ti Lọ́kọ́ja kì í fi ju oókan lọ yàtọ̀ síra wọn. Bátìrì ti kú láàárín oṣù kẹta, mi ò rí irú ẹ̀ rà ní Kàbà, ó ti di nǹkan ìṣeré ọmọ Dúpẹ́. Ti Lọ́kọ́ja kò ní bátìrì, ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Èyí ni kò sẹ́ni tó sọ fún mi, tí mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ́. Ọjọ́ kan mo fẹ́ gbogbo táyà sí 35 ní Kàbà, mo gba títì kọnkéré, èyí tí Dangote ṣe, bíi kìlómítà 43 títí dé Ọbajánà. Mo dúró ra omi, mo wò ó: 39. Ẹ̀rù bà mí pé ó ti pọ̀ jù, mo tú u padà sí 35. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, 31. Ìgbà tó gbóná ni atẹ́gùn inú ẹ̀ wú, kò pọ̀ sí i. Láti ọjọ́ náà, ìdájí nìkan ni mo ń wò ó, kí táyà tó yí. Nínú ọyẹ́ ó máa ń fi oókan tàbí eéjì dín ju ti ìgbà òjò lọ, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín, ẹ ṣáà fẹ́ ẹ kó pé.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn lára gééjì yìí pọ̀ o. Kò ní iná, bẹ́ẹ̀ ìdájí ni iṣẹ́ ẹ̀, nítorí náà eyín ni mo fi ń di tọ́ọ̀ṣì mú. Bí ẹ kò bá ti ẹnu idẹ yẹn bọ̀ ọ́ tààrà, á máa ké ṣìì, atẹ́gùn tí ẹ fẹ́ kà ni ẹ ń tú dànù. Ọwọ́ ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ 20 nígbà mìíràn, àfi kí ẹ fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Okùn rọ́bà ti là níbi tó ti wọ orí, mo fi rọ́bà túùbù atijọ́ dì í. Bọ́tìnì tí wọ́n ní a fi ń tú atẹ́gùn jáde le bí ìṣó, mi ò lò ó mọ́, èékánná ni mo ń lò. Àti pé kò kan sípíà lábẹ́ ọkọ̀ àyàfi kí n tú u sílẹ̀, èyí tí mò ń ṣe báyìí ní gbogbo Sátidé òpin oṣù, bàbá Dúpẹ́ á gbé àga jókòó tì mí, á máa dárí mi bí ẹni pé òun ló ń ṣe é.

Ṣé ẹ rà á? Bí ẹ bá rí i ní ₦6,500, ẹ rà á. Bí ẹ bá rí èyí tó dáa jù ú lọ ní ₦15,000, ẹ rà á, tí ẹ bá lówó. Èyí tó rí bí bírò, tí igi kékeré ń yọ jáde lẹ́yìn ẹ̀, mo yá ti ẹnìkan lò nígbà kan, nọ́ńbà ara rẹ̀ kéré jù fún ojú mi.

Ìṣòro mi tó kù ni àwọn dírẹ́bà ẹgbẹ́ mi. Ní oṣù àkọ́kọ́ wọ́n ń pè mí ní Injiníà. Báyìí wọ́n ń rán ọmọ wá yá a ní aago márùn-ún àárọ̀, pé "Ìyá Dúpẹ́, wọ́n ní kí n gba ìwọ̀n yẹn." Mo kọ orúkọ mi sí ẹ̀yìn ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà èékánná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ Ṣáínà sí.

Láàárọ̀ yìí òsì ẹ̀yìn tún jẹ́ 31. Ọjọ́ kẹta rèé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo da omi ọṣẹ sẹ́nu fáàfù, mo dúró, ìfófòó kékeré kan yọ, ó tóbi, ó bẹ́, òmíràn yọ. Fáàfù ni. Mo ti ránṣẹ́ pe fọkanáísà. Mo ní kó mú gééjì tirẹ̀ dání.